Bí Wọ́n Ṣe Sọ Ọ́ Ní Ìyá Ìjókòó

Gbogbo àdúgbò ló mọ obìnrin náà sí Ìyá Ìjókòó, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè sọ ìdí rẹ̀ gan-an. Àwọn ọmọdé ní torí pé ó máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ní ìrọ̀lẹ́ ni. Oníbúrẹ́dì tó wà ní ìkóríta ní bóyá ó ti ta àga rí. Bí ẹnì kan bá sì lọ bi òun fúnra rẹ̀, á rẹ́rìn-ín títí èjìká rẹ̀ á fi máa mì, á ní, "Orúkọ tó bá ti wọ èèyàn lára kì í ṣe é bọ́ sílẹ̀ bí ẹ̀wù." Ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀.

Àní ọmọ tó bí nínú ara rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, obìnrin ni. Bàbá ọmọ náà ti kú kí ọmọ tó mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí tòsì, ìyá sì lẹ̀ mọ́ ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ń rán aṣọ ilé-ìwé fún ọmọ ọlọ́mọ kí tiẹ̀ náà lè rí ilé-ìwé lọ. Ẹni tó ń wá oúnjẹ òòjọ́ kì í ráyè ìtàn. Nígbà tí àyè wá ṣí sílẹ̀, ọmọ ti dàgbà, fóònù sì ti gba etí rẹ̀.

Ọmọ yìí ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń dáhùn ìpè àwọn oníbàárà. Á fi ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ dé etí méjèèjì láti òwúrọ̀, á máa bẹ àwọn tí inú ń bí nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tí òun kò dá. Bó bá dìde lọ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀, kọ̀ǹpútà ń ṣọ́ ọ. Bó bá pẹ́ níbẹ̀, ọ̀gá á ní kó wá ṣàlàyé ohun tó ń ṣe ní ṣáláńgá. Orí fífọ́ ló máa ń gbé délé, pẹ̀lú ohùn tó ti ha. Ṣùgbọ́n kí oúnjẹ tó tutù níwájú rẹ̀, ó ti wọ ayé kejì lọ, ìyẹn orí ayélujára, níbi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n sí Àárọ̀ Tuntun.

Ẹnu Àárọ̀ Tuntun yìí mú bí abẹ. Ó ń kọ ọ́ síbẹ̀ lójoojúmọ́ pé ọwọ́ òṣìṣẹ́ ni ọrọ̀ ti ń jáde, àpò ẹni tí kò ṣiṣẹ́ ló ń wọ̀. Pé ilé iṣẹ́ tó bá jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo, ẹrú ní í sọ àwọn yòókù dà. Àwọn tó ń tẹ̀ lé e níbẹ̀ pọ̀ ju àwọn ará àdúgbò wọn lọ. Ṣùgbọ́n níbi iṣẹ́, kò sọ̀rọ̀ rí. Àwọn tí wọ́n jọ ń jókòó ẹ̀gbẹ́ ara wọn kò mọ̀ pé òun ni Àárọ̀ Tuntun tí àwọn míì nínú wọn ń kà lábẹ́ tábìlì.

Ìyá rẹ̀ máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ilé ìdáná, torí ògiri ilé náà fẹ́lẹ́. Bí ó bá ti gbọ́ "kapitálísíìmù" báyìí, ọwọ́ rẹ̀ á dúró lórí abọ́ tó ń fọ̀. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ náà ṣàjèjì sí i. Ó ti pẹ́ tó ti gbọ́ ọ kẹ́yìn ni, lẹ́nu ọkùnrin kan tí ọwọ́ rẹ̀ kì í kúrò nínú epo ẹ̀rọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìsinmi kan, Àárọ̀ Tuntun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣí yàrá ọ̀rọ̀ kan lórí ayélujára, irú èyí tí ẹnikẹ́ni lè wọ̀ kó gbọ́, tó bá sì wù ú kó fọhùn. Ìbéèrè ọjọ́ náà ni pé, kí ló dé tí àwọn òṣìṣẹ́ kì í fi í dìde? Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Gbòǹgbò níbẹ̀ ló gba ọ̀rọ̀ náà sọ. Ó kàwé, ohùn rẹ̀ dùn, kì í sì í tètè dákẹ́. Ó ní àìmọ̀kan ló ń dè wọ́n. Ó ní òṣìṣẹ́ tí kò ka ìwé kò lè mọ̀ pé wọ́n ń rẹ́ òun jẹ.

Ohùn kan ta láti ilé ìdáná. "Ẹni tí ẹ̀gún gún lẹ́sẹ̀ ló ń ṣe lákáǹláká tọ alábẹ lọ! Ta ló kàwé fún un kó tó máa tiro?"

Gbogbo yàrá ọ̀rọ̀ gbọ́ ọ. Ẹ̀rín pa wọ́n.

"Ta nìyẹn?" ni Gbòǹgbò béèrè.

"Ìyá mi ni," Àárọ̀ Tuntun dáhùn. Ojú tì í. "Ẹ má bínú, wọn ò mọ̀ pé ẹ ń gbọ́ àwọn ni. Màámi, ẹ jọ̀ọ́ ná!"

"Kí lẹ ń bẹ̀ wọ́n fún?" ni Gbòǹgbò sọ. "Ẹ gbé fóònù fún wọn. Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, màmá. Ṣé ẹ ti ṣe iṣẹ́ nílé iṣẹ́ rí?"

Ìyá Ìjókòó nu ọwọ́ mọ́ ìró rẹ̀, ó jókòó, ó gbé fóònù náà sórí orúnkún bí ẹni gbé ọmọ ọwọ́. Ibẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ ti kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn náà, lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú àwọn àjèjì.

Nígbà tó wà lọ́mọge, ó ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ ìhunṣọ ńlá kan tí wọ́n fi bíríkì pupa kọ́. Lápá kan ni àwọn ẹ̀rọ ìhunṣọ wà, tí ariwo wọn ń mú kí eyín èèyàn máa gbọ̀n. Lápá kejì ni gbọ̀ngàn ìyẹ̀wò, níbi tí àwọn obìnrin ti ń tẹ́ aṣọ sórí tábìlì gígùn lábẹ́ iná funfun, tí wọ́n ń wá ibi tó lu, ibi tí òwú ti já àti ibi tí epo ti ta sí. Wọ́n á fi ẹfun sàmì sí i, wọ́n á ká a, wọ́n á dì í. Ẹ̀gbọ̀n òwú á máa fò káàkiri, á bà sí wọn lórí, tí gbogbo ọmọge á fi hewú kó tó di ọ̀sán. Bí wọ́n bá gbọn irun lẹ́nu géètì nírọ̀lẹ́, wọ́n á tún padà di ọmọge.

Wọ́n fẹ́ràn ara wọn níbẹ̀. Wọ́n jọ ń kọrin lábẹ́ ariwo ẹ̀rọ, bí ẹnu ṣe ń mì ni wọ́n fi ń mọ orin tí ẹnìkejì ń kọ. Ohun kan ṣoṣo tó ń pa wọ́n ni ìdúró. Òfin ni pé kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ jókòó nínú gbọ̀ngàn náà. Àwọn ọ̀gá ní ojú tó bá jókòó á sùn. Alábòójútó wọn kì í ju fèrè rẹ̀ sílẹ̀, ìyẹn ni wọ́n fi sọ ọ́ ní Fèrè. Ẹni tó bá fi ìdí kan etí tábìlì báyìí, fèrè á ti dún. Lálẹ́, ẹsẹ̀ wọn á wú, wọ́n á gbé e sínú omi ìyọ̀ gbígbóná, wọ́n á ní àárẹ̀ tàwọn ni. Olúkúlùkù rò pé ẹsẹ̀ òun ni kò lágbára.

"Ọmọ mi tó ń sọ̀rọ̀ ìwé," ni Ìyá Ìjókòó sọ fún Gbòǹgbò, "ibẹ̀ yẹn gan-an ni ìwé wúlò fún wa. A mọ̀ pé ẹ̀gún gún wa. A ò mọ̀ pé wọ́n dà á sílẹ̀ fún wa ni."

Ẹni tó mú ìwé wá ni Elépo, ọkùnrin tó ń tún ẹ̀rọ ṣe. Ìwé kan kì í kúrò nínú àpò ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀, ó fi ọ̀rá wé e kí epo má bàa bà á jẹ́, síbẹ̀ ìka rẹ̀ ti tẹ̀ dúdú sí gbogbo ojú ewé. Lásìkò ìsinmi, á jókòó sórí ẹrù aṣọ tí wọ́n ti dì, níbi tí ọkọ̀ ẹrù ti máa ń wá kó o, àwọn obìnrin á yí i ká, á máa kà, á máa túmọ̀.

"Ta ló ni ẹ̀rọ tí mò ń tún ṣe?" á bi wọ́n.

"Ilé iṣẹ́ ni."

"Ta ló ń mú un ṣiṣẹ́?"

"Àwa ni."

"Bí àwa ò bá wá lọ́la ńkọ́?"

"Á dúró."

"Bí ẹni tó ni ín ò bá wá lọ́la ńkọ́?"

Wọ́n á wojú ara wọn. Wọn ò rí ẹni tó ni ín rí.

Lọ́jọ́ kan, ó ṣàlàyé fún wọn pé kí ọ̀sán tó pọ́n, wọ́n ti ṣe iṣẹ́ tó tó owó ọ̀yà wọn. Láti ìgbà yẹn títí di ìrọ̀lẹ́, ẹlòmíràn ni wọ́n ń ṣe é fún. Ó ní ohun tí ìwé ń pè ní kapitálísíìmù nìyẹn. Ọ̀rẹ́ ọmọge tí a ń sọ ìtàn rẹ̀ yìí, tí wọ́n jọ ń dúró sídìí tábìlì kan, ló dáhùn. Olóríkunkun ni wọ́n ń pe obìnrin náà, kò sì jẹ́ kí orúkọ náà gbé lásán. Ó ní, "Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni a ṣì ń ṣe níbí? Ọ̀sán ti pọ́n, ẹ jẹ́ ká máa relé!" Elépo rẹ́rìn-ín títí ìwé fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò lè pe ọ̀rọ̀ náà mọ́ láti ọjọ́ yẹn láìjẹ́ pé ó rẹ́rìn-ín.

Lásìkò ooru ọdún kan, oyún Olóríkunkun ti dàgbà. Oòrùn mú, afẹ́fẹ́ kò sí, páànù orí gbọ̀ngàn ń ta pàà. Ọmọge náà ń tẹ́ aṣọ lọ́wọ́ nígbà tó rí i pé òun nìkan ló kù sídìí tábìlì. Ó wolẹ̀. Olóríkunkun wà nílẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ fara ti ẹsẹ̀ tábìlì, ó di ojú.

"Ó ti dákú o!" ni ẹnì kan pariwo.

Wọ́n rọ́ bò ó. Fèrè dún. "Kálukú padà sẹ́nu iṣẹ́!" ni alábòójútó sọ. "Ẹ gbé e síta, kí ìyókù padà sẹ́nu iṣẹ́!"

Ọmọge náà gbèrò láti padà sídìí tábìlì. Àmọ́ bó ti tẹ̀ ba láti wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó rí ẹsẹ̀ obìnrin náà, ó wú débi pé bàtà kò ṣe é bọ́. Ara rẹ̀ kò gbà fún un mọ́. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan ẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹnì kan tún jókòó. Kò pẹ́, gbogbo gbọ̀ngàn ti wà nílẹ̀, àgbà àtọmọdé, wọ́n na ẹsẹ̀ bí ẹni ń yá oòrùn. Alábòójútó fun fèrè títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fi wú bí bọ́ọ̀lù. Kò sẹ́ni tó mira.

Kẹ̀kẹ́ ẹrù ń kó aṣọ dé láti ibi ìhunṣọ, kò sẹ́ni tó gbà á. Aṣọ kún ẹnu ọ̀nà, ó kún ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó padà lọ kún ibi tí wọ́n ti hun ún, àwọn ẹ̀rọ wá ń dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí àwọn obìnrin náà gbọ́ ohùn ẹyẹ nínú ilé iṣẹ́ náà. Máníjà sáré ránṣẹ́ pe Elépo pé kó wá tún ẹ̀rọ ṣe. Elépo wò ó yíká, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ̀rọ ò bàjẹ́. Ó ti jẹun yó, kò ríbi ṣu ni. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe sí i?"

Ni máníjà bá wá fúnra rẹ̀, ó dúró sáàárín àwọn ẹsẹ̀ nínà. "Kí lẹ fẹ́?"

Wọn ò tíì rò ó débẹ̀. Olóríkunkun la ojú, ó ní, "Àga."

Máníjà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó wo ẹ̀yìn, tó rí òkìtì aṣọ, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Káfíńtà ilé iṣẹ́ náà kan bẹ́ǹṣì gígùn fún wọn láàárín ọ̀sẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ń wá láti fìyà jẹ, wọ́n rí i: wọ́n yẹ àpò Elépo wò, wọ́n bá ìwé níbẹ̀, wọ́n sì lé e lọ. Lọ́jọ́ tí bẹ́ǹṣì dé, ó dúró sí òdìkejì géètì, ó ń kí àwọn obìnrin bí wọ́n ti ń jáde: "Ẹ kú iṣẹ́ o! Ìdí ńkọ́? Ṣé àlàáfíà ni ìdí wà?"

Ó ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tó ti ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe. Ọmọge náà gbé ẹ̀rọ kan lọ síbẹ̀. Elépo tú u palẹ̀, ó wò ó lókè wò ó nísàlẹ̀, ó ní, "Kò sóhun tó ṣe ẹ̀rọ yìí." Ọmọge ní, "Mo mọ̀." Bí wọ́n ṣe fẹ́ra nìyẹn.

Àárọ̀ Tuntun, tó jókòó sórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún ìyá rẹ̀, kò mọ ìgbà tí omi bọ́ lójú rẹ̀. Kò gbọ́ ọ rí pé bàbá rẹ̀ máa ń ṣe àwàdà.

"Àwọn obìnrin ibẹ̀ ni wọ́n sọ mí ní Ìyá Ìjókòó," ni ìyá sọ níparí. "Torí èmi ni mo kọ́kọ́ mọ̀ọ́mọ̀ jókòó. Nígbà tó yá, aṣọ tó pọ̀ tí owó rẹ̀ kò sì wọ́n dé láti ibòmíràn, wọ́n fi ṣẹ́ẹ̀nì ti géètì wa pa, a fọ́n ká. Ọ̀rẹ́ mi yẹn tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀ lọ sílùú tó jìnnà. Kò sí fóònù nígbà yẹn. N ò gbúròó rẹ̀ mọ́."

Ọ̀gbẹ́ni Gbòǹgbò ló kọ́kọ́ fọhùn, jẹ́jẹ́. "Màmá, ẹ má bínú sí mi o. Ṣùgbọ́n àga lẹ gbà. Ilé iṣẹ́ ṣì jẹ́ tiwọn. Lọ́jọ́ tó wù wọ́n, wọ́n tì í, wọ́n sì bá tiwọn lọ."

Ọmọ rẹ̀ fẹ́ dá a lóhùn tìbínú-tìbínú, ṣùgbọ́n ìyá di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Òótọ́ lo sọ," ni Ìyá Ìjókòó wí. "Ọkọ mi náà sọ bẹ́ẹ̀ títí ó fi kú. Ó ní a rí àga, a ò rí ilé. Mo máa ń rò ó. Ṣùgbọ́n ọmọ tuntun kì í sáré kó tó mọ̀ ọ́n jókòó. Àwa jókòó. Ẹ̀yin náà ẹ rí ohun tí ẹ lè ṣe."

"Irọ́ ni!"

Ohùn arúgbó ni, ó ha, ó sì le. Orúkọ tó yọ lójú fóònù jẹ́ ti ọ̀dọ́ kan tí ẹnikẹ́ni kò kà sí, tó ti ń gbọ́ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Arúgbó náà ń bá ọ̀dọ́ tó ni fóònù jà: "Gbé e fún mi, jẹ́ n sọ̀rọ̀! Irọ́ ńlá ni! Ta ló dákú?"

Ìyá Ìjókòó ti mọ ohùn náà kí ó tó rí ẹnu là. "Olóríkunkun?"

"Ta ni ìbá tún jẹ́? Èmi ò dákú rí láyé mi! Mo jókòó ni! Ó rẹ̀ mí, mo ní ó tó gẹ́ẹ́, mo jókòó. Ẹ̀yin lẹ bẹ̀rẹ̀ ariwo pé mo ti dákú."

"O di ojú!"

"Mo fẹ́ sùn ni! Nígbà tí mo wá rí i pé gbogbo yín ti jókòó torí pé mo dákú, mo ní kí n tún dákú díẹ̀ sí i."

Ẹ̀rín bú nínú yàrá ọ̀rọ̀ náà, àní Gbòǹgbò kò lè mí mọ́. Ìyá Ìjókòó kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo fóònù náà. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló ti gbà pé òun lòun dá nǹkan náà sílẹ̀. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, tí ilé ṣófo, ohun tó fi gbé ara rẹ̀ ró nìyẹn. Ohun kan dùn ún nínú, bí ìgbà tí wọ́n bá fa òwú kan yọ nínú aṣọ tó ti pẹ́ lára.

"Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

Ohùn Olóríkunkun rọ̀. "Aboyún tó dákú, wọn ò lè lé e. Aboyún tó ṣorí kunkun, ẹnu géètì ni ì bá bímọ sí. Mo ní tó bá yá, n ó sọ fún ẹ. Ni wọ́n bá ń pè ẹ́ ní Ìyá Ìjókòó, orúkọ náà sì yẹ ẹ́. Èmi, ó rẹ̀ mí ni mo ṣe jókòó. Ìwọ, ó rẹ̀ ẹ́, o sì tún rò pé wọ́n lè lé ẹ, síbẹ̀ o jókòó tì mí. Ṣé ọ̀kan náà ni?"

Ohun tí Ìyá Ìjókòó sọ ni pé, "O ṣì wà láyé, ìwọ obìnrin yìí."

"Kí lo rò? Pé ikú á ní kí n dìde, n ó wá dìde?"

Láti ìgbà náà, ọ̀sán kan kì í lọ kí àwọn méjèèjì má bára wọn sọ̀rọ̀. Nǹkan yí padà fún ọmọ náà pẹ̀lú. Ó kó díẹ̀ lára àwọn tí wọ́n jọ ń dáhùn ìpè wá sí pálọ̀ ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi, ó sọ fún wọn pé òun ni Àárọ̀ Tuntun. Ẹnì kan ní irọ́ ni, torí Àárọ̀ Tuntun láyà, èyí tó jókòó ẹ̀gbẹ́ òun kì í sọ̀rọ̀. Wọ́n fi rẹ́rìn-ín, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ ṣáláńgá. Kò tíì yanjú. Méjì nínú wọn ti bẹ̀rù, wọn ò wá mọ́. Àwọn mìíràn ti wá rọ́pò wọn. Ọ̀gbẹ́ni Gbòǹgbò ń fi ìwé ránṣẹ́ sí wọn, wọ́n ń kà á sókè fún ara wọn, ẹni tí kò bá yé á ní kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń ṣe ìpàdé, Ìyá Ìjókòó máa ń gbé fóònù bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé kó má bàa dí wọn lọ́wọ́. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ á tún fi ìrántí wọ gbọ̀ngàn ìyẹ̀wò lọ, wọ́n á máa rìn ín láti ìdí tábìlì kan dé òmíràn. "Ta ló dúró lẹ́yìn wa?" "Eléyín Wúrà ni." "Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ńkọ́?" "Àwọn ìbejì tí kò jọra." Wọ́n á jiyàn lórí àwọ̀ ilẹ̀kùn, ọ̀kan á ní ewé ni, èkejì á ní eérú. Lọ́jọ́ kan, wọ́n rìn ín títí dé ẹ̀bá fèrèsé tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, wọn ò wá rántí orúkọ obìnrin tó máa ń dúró níbẹ̀ mọ́.

"Èyí tó máa ń fi ẹfun kọ nǹkan sí wa lẹ́yìn aṣọ, tá a máa gbé relé láìmọ̀?"

"Òun ni. Kí là ń pè é?"

Àwọn méjèèjì ń rò ó, fóònù wà létí wọn.